Kòtò Nínú Àfonífojì Gbígbẹ

Bíbélì kíkà: 2 Ọba 3:4-27

Ọba mẹ́ta ni ó jọ kó ogun jáde nínú ibi tí a kà ní òwúrọ̀ yìí: Jehoramu ọba Ísírẹ́lì, Jehoṣafati ọba Júdà, àti ọba Edomu. Meṣa ọba Moabu ni wọ́n fẹ́ lọ bá jà, nítorí nígbà tí Ahabu kú, Meṣa kọ̀, kò san ìṣákọ́lẹ̀ àgùntàn àti irun àgùntàn mọ́. Wọn kò gba ìhà àríwá lọ bá a. Wọ́n yí gba ìsàlẹ̀, wọ́n mú ọ̀nà aginjù Edomu pọ̀n, ní ìhà gúúsù Òkun Iyọ̀ tí a ń pè ní Òkun Òkú lónìí. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi rìn, omi sì tán. Kò sí fún ọmọ ogun, kò sí fún ẹran tí ó ń tẹ̀ lé wọn. Ará Moabu kò tíì ta ọfà kan ṣoṣo, ikú sì ti wọ ibùdó.

A mọ ìtàn náà. Jehoṣafati béèrè bóyá wòlíì Olúwa kan wà nítòsí, wọ́n dárúkọ Eliṣa, àwọn ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Eliṣa bá ọba Ísírẹ́lì wí, ó ní kí wọ́n pe ẹni tí ó mọ ohun èlò orin lò wá, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Olúwa dé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wo ojú ọ̀run. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sínú àfonífojì tí ó gbẹ. Nínú èdè Hébérù tí a fi kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kòtò tẹ̀ léra wọn, bí ìgbà tí a bá sọ pé kòtò lórí kòtò, kí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún un. Wọn kò ní gbúròó afẹ́fẹ́, òjò kò ní rọ̀ lójú wọn, síbẹ̀ omi yóò kún ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí à ń tètè ka ibí yìí kọjá kí a lè dé ibi iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ, tí ètè rẹ̀ ti bó, ni a ní kí ó lọ máa gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ rí nínú oòrùn mọ̀ bí òógùn ṣe ń dà lára ẹni. Òógùn náà, omi ara ni. Ìwọ̀nba omi tí ó ṣẹ́ kù nínú ara wọn ni wòlíì ní kí wọ́n ná sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí omi kò bá dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kòtò tí wọ́n gbẹ́ ni wọn ì bá fi ṣe isà òkú. N kò mọ iye wa tí yóò gbé ọkọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ì bá ti sọ pé, kí omi náà kọ́kọ́ yọjú ná.

Kí a tó lè mọ ohun tí kòtò wọ̀nyí wúlò fún, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Aginjù inú Bíbélì kì í ṣe iyanrìn lásán tí ó tẹ́ rẹrẹ bí èyí tí a máa ń yà sínú ìwé ọmọdé. Ilẹ̀ òkè ni. Òkè Edomu, tí ó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Jọ́dánì lónìí, ga ju mítà 1,500 lọ ní ibi púpọ̀. Ilẹ̀ Moabu tí ó wà ní àríwá rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 1,000. Ní ìwọ̀ oòrùn wọn, ilẹ̀ já wálẹ̀ lójijì títí dé etí Òkun Òkú, tí ojú omi rẹ̀ fi ohun tí ó ju mítà 430 lọ rẹlẹ̀ sí ojú òkun ńlá. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ mìíràn ní gbogbo ayé tí ó rẹlẹ̀ tó etí omi náà. Ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ lè gbójú sókè kí ó máa wo òkè náà, kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n bí ayé méjì ni wọ́n rí.

Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ìkùukùu a máa ti ìhà Òkun Mẹditaréníà wá. Bí ó bá kan òkè, a gùn ún, a tutù, òjò a sì rọ̀. Lórí òkè Edomu, òjò dídì pàápàá máa ń bọ́ ní ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n àfonífojì ńlá Araba, tí ó wà láàárín òkè ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan. Òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kì í tó mìlímítà 100, ibòmíràn kò tó 50. Ẹ fi wé Ìbàdàn, níbi tí òjò ọdún kan ti máa ń ju mìlímítà 1,200 lọ. Òjò alẹ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹfà ní ilẹ̀ wa lè ju èyí tí àwọn ará Araba rí láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀nà tí òjò náà ń gbà ṣàn tún yàtọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí òjò bá rọ̀, koríko, ewé àti ilẹ̀ rírọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ mu ún. Níbẹ̀, ìhòòhò ni òkè wà. Àpáta ni. Ibi tí erùpẹ̀ wà, lẹ́búlẹ́bú ni. Bí òjò àkọ́kọ́ bá kàn án, ojú rẹ̀ a dì mọ́ra bí ògiri tí a rẹ́, omi a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ dípò kí ó wọlé. Òjò tí kò ju wákàtí kan lọ, tí ó rọ̀ sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkè, a kó jọ sínú àfonífojì kan ṣoṣo. Ó di àgbàrá. A máa hó bọ̀, a máa yí òkúta, ó sì lè bá ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń ràn. Ẹni náà kò gbúròó ìjì, aṣọ rẹ̀ kò sì tutù. Omi ni ó kàn rí.

Àwọn ará kan kò fẹ́ kí a ṣàlàyé báyìí. Wọ́n ní ó ń bu iṣẹ́ Olúwa kù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó tò àwọn òkè náà ni ó mọ ọ̀nà tí omi ń gbà lórí wọn, Bíbélì fúnra rẹ̀ sì sọ fún wa pé láti ìhà Edomu ni omi náà ti wá, ìyẹn láti ilẹ̀ gíga. Kò sọ pé ó sun láti abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kò sì sọ pé ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ohun tí ó ya èmi lẹ́nu ni àkókò. A sọ ọ́ lónìí, ó dé ní òwúrọ̀ ọ̀la, ní wákàtí tí wọ́n ń rú ẹbọ ní Jerúsálẹ́mù. Ta ni nínú àwọn ọba mẹ́ta náà ni ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òjò ń bọ̀ wá rọ̀ lórí òkè tí òun kò rí, ní òru tí òun yóò máa sùn?

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá. Bí wọn kò bá tilẹ̀ gbẹ́ kòtò kan, omi náà ì bá ṣì wá. Ṣùgbọ́n irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Wákàtí mélòó kan ni ó fi ń kọjá, Òkun Òkú ni ó sì ń sáré lọ, níbi tí iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti inú òkun tí a mọ̀. Bí omi bá ti wọ ibẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn àti ẹran. Ọmọ ogun tí kò gbẹ́ kòtò ì bá dúró sí etí odò, kí ó fi ọwọ́ bu omi ẹrẹ̀ díẹ̀ mu, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá sì fi kanrí, àfonífojì náà ti gbẹ padà. Kòtò ni ó dá omi dúró. Inú kòtò ni ẹrẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀, tí omi fi tòrò, tí ènìyàn, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi rí mu títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo rántí ìyá wa nílé. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ìyá kì í dúró de ẹ̀kán kan. A ó ti gbé garawa àti ìkòkò sí abẹ́ òṣòòrò. Ìyá kan wà ní ojúlé kejì tí ó jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń rántí pé ìkòkò òun dọ̀tí. Yóò ṣì máa fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá dá, a ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní omi òjò díẹ̀."

Omi kan náà yìí sì ń pa ènìyàn. Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2018, àgbàrá ká àwọn ọ̀dọ́ kan mọ́ inú àfonífojì Tzafit ní gúúsù Ísírẹ́lì, mẹ́wàá nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ní òdìkejì Òkun Òkú ní ilẹ̀ Jọ́dánì, àgbàrá gbé ènìyàn 21 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé tí a kó jáde lọ ṣeré. Ẹ kíyè sí i pé Eliṣa ní kí wọ́n gbẹ́ àfonífojì náà. Kò ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sùn sínú rẹ̀.

Ìlú Pẹ́trà, ní àárín òkè Edomu yìí, lè kọ́ wa ní nǹkan lórí èyí. Àwọn ará Nabatea tí wọ́n gbẹ́ ìlú náà sínú àpáta pupa mọ ìwà àgbàrá dáadáa. Ọ̀nà tí a ń gbà wọ ìlú náà jẹ́ tóóró láàárín àpáta gíga méjì, ibẹ̀ gan-an sì ni àgbàrá fẹ́ràn láti gbà. Wọ́n mọ odi dí i ní ẹnu, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú àpáta kí omi lè yà lọ sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì gbẹ́ ojú omi sí ara ògiri àpáta láti gbé omi ìsun wọ ìlú. Ìlú wà láàyè ní ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ó yá, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà kò sí mọ́, odi náà wó, kò sì sí ẹni tí ó tún un mọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, àgbàrá wọ ọ̀nà tóóró náà bá àwọn àlejò tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé, ènìyàn tí ó ju ogún lọ sì ṣègbé. Lẹ́yìn èyí ni a tún odi náà mọ, ní ibi tí àwọn ará àtijọ́ mọ ọ́ sí.

Kì í ṣe àgbàrá nìkan ni omi aginjù. Ìsun wà. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè Júdà a máa rin wọ inú àpáta funfun bí ẹfun, a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi kan àpáta tí kò jẹ́ kí ó lọ mọ́, a sì yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Bẹ́ẹ̀ ni Engedi ṣe wà, níbi tí Dáfídì sá sí, ní ibi tí ilẹ̀ gbogbo ti gbẹ. Kànga náà wà. Omi àgbàrá tí ó wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò gbígbẹ kì í tètè gbẹ, ẹni tí ó bá gbẹ́ ibẹ̀ lè bá a lábẹ́. Àfonífojì Gerari ni Ísáákì ti gbẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó tún gbẹ́ òmíràn, tí wọ́n tún gbà á, kí ó tó di pé wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún un. Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, agbẹ́kànga tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn láti gbẹ́ kànga ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí ó bá bá ní ìgbà náà kì í sábà já onílé kulẹ̀.

Kòtò ìpamọ́ sì wà, èyí tí a gbẹ́ sínú àpáta, tí a rẹ́ inú rẹ̀ kí omi òjò má baà jò lọ. Ìtàn èyí kan Meṣa fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1868, wọ́n rí òkúta dúdú kan ní Dhiban ní ilẹ̀ Jọ́dánì, tí í ṣe Diboni inú Bíbélì. Meṣa ni ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ó sì wà ní ilé Louvre ní ìlú Paris lónìí. Ọba náà ń fọ́nnu nípa ogun tí ó ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó tún sọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí kòtò omi kankan nínú ìlú òun, òun sì pàṣẹ kí olúkúlùkù ènìyàn gbẹ́ tirẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀. Ẹ wo nǹkan! Ọba tí wọ́n ń lọ bá jà ti mọ ohun tí ọba mẹ́ta kò rò kí wọ́n tó kúrò nílé. Olúkúlùkù, sínú ilé ara rẹ̀. Kì í ṣe ìdílé kan ni yóò gbẹ́ tí àdúgbò yóò máa bù.

Ní apá kejì Araba, lórí òkè Negefi níbi tí òjò ọdún kan kò ju nǹkan bí mìlímítà 100 lọ, àwọn ará Nabatea àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn dáko. Wọ́n mọ ògiri kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ òkè láti darí àgbàrá sí oko ìsàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí oko éékà kan fi ń mu omi tí ó rọ̀ sórí éékà 20 sí 30. Ní ọdún 1959, ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Evenari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tún irú oko bẹ́ẹ̀ ṣe ní Avdat. Wọ́n gbin àjàrà àti igi eléso, wọn kò fa omi láti ibì kankan, igi sì so. Ògiri àtijọ́ ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibùdó àwọn ọba mẹ́ta. Ilẹ̀ mọ́, kòtò ti kún. Pupa ni àpáta Edomu, orúkọ rẹ̀ pàápàá jọ mọ́ pupa, oòrùn òwúrọ̀ sì ń tàn sójú omi. Àwọn ará Moabu wò ó láti òkèèrè, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n ní àwọn ọba náà ti pa ara wọn. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé omi lè wà níbẹ̀, nítorí wọ́n mọ àfonífojì náà, wọ́n mọ̀ pé ó gbẹ. Wọ́n sáré wá kó ìkógun, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ti mu omi yó, tí wọ́n dìde dúró.

Nígbà púpọ̀, ibí yìí ni a máa ń parí ìwàásù sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 25. Àwọn tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní àná wọ ilẹ̀ Moabu, wọ́n dí gbogbo ìsun omi ibẹ̀, wọ́n gé gbogbo igi rere, wọ́n sì da òkúta sí oko. Eliṣa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò ṣe é, n kò sì ní jókòó síhìn-ín kí n máa dá wòlíì lẹ́jọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí bí ilẹ̀ náà ṣe rí, ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí ẹsẹ yẹn. Ní ibi tí ìsun kan ti ń bọ́ abúlé kan láti ìran dé ìran, ẹni tí ó dí i kò bá ọmọ ogun nìkan jà. Ó bá ọmọ tí a kò tíì bí jà. Ìkẹyìn ogun náà kò sì dùn: ọba Moabu fi àkọ́bí rẹ̀ rúbọ lórí odi, Ísírẹ́lì sì kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé láì gba ìlú náà.

Ní àdúgbò kan tí mo gbé rí, àwa ará ilé àdúrà ní kànga ẹ̀rọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, a ti géètì nítorí pé àwọn ará àdúgbò ń da ọgbà rú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi tì í. A kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì dúró ní ẹnu géètì nígbà náà ti dàgbà báyìí, wọ́n sì rántí.

Àdúrà: Olúwa, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, fi ibi tí mo ní láti gbẹ́ hàn mí, kí o sì fún mi ní agbára láti gbẹ́ ẹ nígbà tí kò tíì sí àmì omi. Kànga tí mo ti dí mọ́ ẹnikẹ́ni, ràn mí lọ́wọ́ kí n lọ ṣí i. Ṣàánú fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Jọ́dánì, tí omi ṣọ̀wọ́n fún ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé lọ, àti àwọn darandaran òkè Edomu àti Negefi. Rọ òjò wọn ní àsìkò, kí o sì pa àwọn ọmọ wọn mọ́ lọ́wọ́ àgbàrá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.